Ọmú Rọ́bà Kì Í Ṣọ́lé

Ẹ̀yìn Ọgbà Ẹlẹ́dẹ̀,
Òkè-Àfà, lọ́nà Ìsọlọ̀.
Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Àǹtí mi Àbẹ̀kẹ́, Ìyá Ayọ̀,

Ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó máa ka èyí lọ. Ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò sì ṣàìsàn. Lẹ́tà ló gùn. Láti àárọ̀ ni Màámi ti ń sọ ọ́, èmi Àìná àbúrò yín ló ń kọ ọ́, apá mi sì ti fẹ́ já bọ́ sílẹ̀ kí adìyẹ gbé e lọ. Níbi tí ẹ bá ti rí "Àbẹ̀kẹ́" àti "ìwọ", Màámi ló ń sọ̀rọ̀. Níbi tí ẹ bá ti rí "Àǹtí mi" àti "ẹ̀yin", èmi ni mo yọ ẹnu sí i. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi ròyìn gbogbo rẹ̀ fún yín, wọ́n ní rárá, pé ẹnu mi ló dá wàhálà yìí sílẹ̀.

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́.

Oṣù méjì sẹ́yìn, nígbà tí ẹ kọ̀wé pé iṣẹ́ tẹlifóònù yín ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé, "Ayọ̀ ń mu ọmú rọ́bà dáadáa." Èmi ni mo ń ka lẹ́tà náà sí Màámi létí. Mo rí "rọ́bà" yẹn lókèèrè bí ẹni rí ejò lọ́nà odò. Mo mọ̀ pé bí mo bá pè é jáde, Màámi yóò ké, gbogbo Ìsọlọ̀ títí dé Òṣòdì yóò sá jáde, wọ́n á rò pé ọkọ̀ ojú irin ló ṣubú. Ebi sì ń pa mí, oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Mo bá gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Mo kà á pé, "Ayọ̀ ń mu ọmú dáadáa." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo péré ni mo yọ.

Màámi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọpẹ́ ni fún Olúwa. Bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, kò séwu."

Láti ọjọ́ náà ni ọkàn wọn ti balẹ̀, títí di Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, tí Bàbá Ràṣídì ti Ìbàdàn dé. Ẹ mọ Bàbá Ràṣídì, gáàdì rélùwéè tí ilé wọn kọjú sí tiwa, tí kì í wọ ọgbà wa nítorí ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n dúró lójú títì, wọ́n fi fìlà bo imú, wọ́n ń ké:

"Ìyá Àbẹ̀kẹ́! Mo fojú kan ọmọ ọmọ yín o!"

"Ẹ̀ ẹ́ẹ̀! Ṣé ó sanra?"

"Ó sanra bíi wòlíì! Orí ẹní ló dùbúlẹ̀ sí, ó gbé ìgò sẹ́nu, ó ń fà á bí ọ̀mùtí lọ́jọ́ owó oṣù. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fún un. Ìyá rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀."

"Ìgò kí ni?"

"Ìgò mílíìkì ni o. Ọmú rọ́bà ló wà lórí ẹ̀. Èmi dúró de ìyá rẹ̀ títí tó fi dé. Ó kí yín. Ó ní òun ṣì ń fún un lọ́mú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fún un ní ìgò bó bá jí lóru. Ó ní kẹ́ ẹ má dààmú, ibà díẹ̀ ló ń ṣe òun, òun ò kàn lè jẹ nǹkan kan láàárọ̀ ni."

Màámi ò ké. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Wọ́n yí ojú sí mi, wọ́n ní kí n lọ mú lẹ́tà yín wá. Mo tún un kà, lọ́tẹ̀ yìí mo pe gbogbo rẹ̀. Wọ́n dojú garawa dé, wọ́n jókòó lé e.

"Àìná," wọ́n ní, "o mọ ohun tí o ṣe? Ó ti di oṣù méjì tí mo ti ń sùn, tó yẹ kí n ti kígbe."

Ìdí rèé tí a fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ó di ọwọ́ Màámi.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ju kí n bínú lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ru èèrí láàárọ̀ yìí láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́kọ Bọ́ládé wá sílé fún àwọn ẹlẹ́dẹ̀ bàbá rẹ, òjò sì ń lù mí lọ lù mí bọ̀. Ọrùn ń dùn mí. Ìbínú gba agbára, n kò ní in lọ́wọ́. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni àṣìṣe tí èmi fúnra mi ṣe. Òun ni mo fẹ́ kó fún ọ. Ẹni tó jìn sí kòtò ló ń kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, bí ará yòókù bá dúró gbọ́.

Ìkínní, ọ̀rọ̀ ẹní. Nígbà tí mo bí ọ, ìyá bàbá rẹ wá gbé ẹní mi kúrò ní yàrá bàbá rẹ, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Kò bi mí, kò sì bi bàbá rẹ. Ẹní náà kò padà títí o fi já lẹ́nu ọmú, o sì ti ń sáré kiri, o ti ń bú èèyàn. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọn kì í sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Wọ́n á kàn ní kí ọkọ má ba ọmú jẹ́ fún ọmọ. Nígbà tí a wá kó wá sí Èkó, tí mo bí ọmọkùnrin, yàrá kan la gbà ní Òṣòdì, ẹ̀gbẹ́ ojú irin. Ibo ni mo fẹ́ gbé ẹní sí? Sórí irin? Mo ní kò burú, ọmọ ń mu ọmú, ọmú á ṣọ́lé fún wa kí oyún má bàa wọ̀ ọ́.

Àǹtí mi, nígbà tí wọ́n dé ibí yìí, Màámi ní kí n di etí mi kí n tó kọ ọ̀rọ̀ tó kù. Mo bi wọ́n pé báwo ni n ó ṣe fi etí tí mo dì gbọ́ ohun tí n ó kọ. Wọ́n wò mí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé Bùrọ̀dá Délé ọkọ yín náà kì í ṣe igi, yàrá kan náà sì ni ẹ̀yin pẹ̀lú ń gbé, ẹ ó mọ ìyókù. Mo kọ ọ́. Mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Àbẹ̀kẹ́, ìkejì, mo fẹ́ sọ bí ebi ṣe tàn mí jẹ. Ìgbà ogun òyìnbó ni mo bí ọ. Iyọ̀ wọ́n, gaàrí wọ́n, ẹja di ohun tí a ń gbóòórùn ní ilé ẹlòmíràn. Mo gbẹ bí igi ìdáná. Ìwọ sì lẹ̀ mọ́ mi lọ́mú tọ̀sán tòru, nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ni wàrà náà ń wá. Mo lò ju ọdún méjì lọ tí n kò rí nǹkan oṣù mi. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tó ń jẹun yó ní tirẹ̀, rí tirẹ̀ kíá lẹ́yìn tó bímọ, mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní bí a ṣe dá ara tèmi nìyẹn, pé èmi kì í ṣe abo ajá tí ń bí lọ́dọọdún. Mo ń fi ebi ṣe fáàrí, n kò mọ̀ pé ebi ni.

Àǹtí mi, àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ míì wọ̀ ọ́. Àṣé kì í wọnú kí oyún pàápàá wọ̀ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, Àìná ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé kó o fi ebi pa ara rẹ nítorí oyún. Ebi kì í ṣe òògùn. Eyín méjì ló gbà lẹ́nu mi nígbà náà, ẹ̀yìn tó ń dùn mí títí dòní, láti ìgbà yẹn ni. Jẹun. Jẹ ẹ̀wà, jẹ ẹja, jẹ ẹ̀fọ́. Kàn mọ̀ pé bí ìyá bá ti ń yó, ara rẹ̀ tètè máa ń rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí mo bí Oyè ni mo wá rí i. O ò rántí Oyè dáadáa, ọmọ kékeré ni ọ́. Oyè ni ọmọkùnrin tó tẹ̀lé ọ. Bàbá rẹ ti ríṣẹ́ nínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ yìí nígbà náà, à ń jẹ ẹran, ọ̀rá ń yọ̀ ní ìka wa. Nígbà tí Oyè pé oṣù mẹ́ta, mo bẹ̀rẹ̀ sí kó èèrí kiri, láti Òṣòdì dé Bọ́ládé. Ọwọ́ ìyá bàbá rẹ, tó ti wá gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ni mo ń fi í sí. Ògì ni ó ń fún un mu lọ́sàn-án. Lálẹ́, nítorí pé ó ń rẹ̀ mí, ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà náà ló ń sùn. Mo ń fún un lọ́mú kí n tó jáde láàárọ̀, mo sì ń fún un bí mo bá dé ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, mo máa ń sọ ọ́ gbàǹgbà pé, "Oyè ṣì ń mu ọmú." Irọ́ kọ́ ni mo pa. Ohun tí ìwọ náà ní kí Bàbá Ràṣídì sọ fún mi nìyẹn, irọ́ kọ́ ni ìwọ náà pa.

Ní nǹkan bí oṣù kẹjọ tí mo bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀ mí. Mi ò lè jẹun láàárọ̀. Nǹkan oṣù mi kò tíì dé rárá láti ìgbà tí mo ti bímọ, nítorí náà n kò ronú oyún. Mo ní ibà ni. Mo ń mu àgbo ibà lóríṣiríṣi. Àbẹ̀kẹ́, oyún ti pé oṣù mẹ́ta.

Ibà tí ó ń ṣe ọ́ yẹn, òun ni kò jẹ́ kí n sùn láti Ọjọ́bọ̀.

Àǹtí mi, níbí ni Bàámi ti yọjú láti inú ọgbà, ẹrẹ̀ dé orúnkún wọn.

"Kí lẹ̀ ń kọ tó pọ̀ tó báyìí? Ẹ ti sọ ti Ìyálóde fún un?"

Ìyálóde ni abo ẹlẹ́dẹ̀ wa tó tóbi jù. Ó tóbi tó mọ́tò kékeré, bí ó bá dìde òòrùn á wọ̀.

"Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ má fi ọmọ mi wé ẹlẹ́dẹ̀," Màámi ní.

"Ta ló fi í wé e? Ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kó kọ́. Àìná, kọ ọ́: ẹlẹ́dẹ̀ tí ọmọ wà lábẹ́ rẹ̀, bí o bá mú akọ tọ̀ ọ́ lọ, yóò gé akọ náà jẹ. Kò fẹ́ rí i. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí o bá kó àwọn ọmọ kúrò lábẹ́ rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí kà á: kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ó ti ń ké, ó ń forí ti ọgbà, akọ ló ń wá. Bí àwọn ọmọ bá ti fà á gbẹ tó fi rù kan eegun, ó lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ bọ́ ọ kó yó, ẹ ó rí i."

"Ìyálóde ńkọ́?" ni mo bi wọ́n.

"Ìyálóde ló kó mi láyà jẹ. Àwọn ọmọ rẹ̀ tètè mọ ọpọ́n ìjẹun, wọ́n ń jẹ èèrí bí àgbàlagbà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń rántí ọmú. Èmi rí wọn lábẹ́ rẹ̀, mo ní, à á, ó ṣì ń tọ́mọ. N kò kíyè sí i. Ó fọ́ ọgbà jáde tọ akọ lọ, ọmọ méjì sì ń so rọ̀ mọ́ ọn lọ́mú bó ṣe ń lọ!"

Àǹtí mi, ẹ má bínú. Mi ò sọ pé Bùrọ̀dá Délé jọ akọ ẹlẹ́dẹ̀ o. Màámi ní kí n pa ìlà yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n bíró ni, kì í ṣe pẹ́ńsùlù.

Àbẹ̀kẹ́, ọdún wo ni mo ti ń ru èèrí fún ẹlẹ́dẹ̀, n kò bi ẹlẹ́dẹ̀ ní ohun tó mọ̀ rí. Lánàá ni mo mú Àìná, a fi ẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ Nọ́ọ̀sì àgbà tó ń gbẹ̀bí ní Ìsọlọ̀, kó lè ṣàlàyé kí a tó kọ̀wé. Mo bi í ní ìbéèrè kan: ọmọ mi ń fún ọmọ lọ́mú láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ìgò ló ń mu lọ́sàn-án, ọmọ ọ̀dọ̀ á sì fún un ní ìgò lálẹ́ bí ó bá jí. Ṣé ọmú ṣì ń ṣọ́lé?

Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ọmú kọ́ ló ń ṣọ́lé. Fífà ni."

Èmi kò tètè gbọ́ ọ yé. Jẹ́ kí Àìná sọ ìyókù, òun ló ń lọ sílé ìwé.

Àǹtí mi, ẹ fetí sílẹ̀, mo ti di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ní bí ọmọ bá ti fa ọmú, orí ọmú á ránṣẹ́ sínú ọpọlọ kíákíá, ó yá ju tẹlifóònù yín lọ. Ọpọlọ á da omi kan sínú ẹ̀jẹ̀ pé kí wàrà máa wá. Nítorí fífà yẹn kan náà, ọpọlọ kò ní rán iṣẹ́ tó máa ń jí ilé tí ẹyin obìnrin ń gbé, ẹyin á máa sùn lọ. Ṣùgbọ́n ipa fífà yẹn kì í pẹ́. Bí ọmọ ò bá tún fà fún wákàtí tó pọ̀, pàápàá lóru, ẹyin á bẹ̀rẹ̀ sí yí ara. Rọ́bà kò ní ẹni tí yóò ránṣẹ́ sí. Bí Ayọ̀ bá fa rọ́bà títí tí etí rẹ̀ fi ń mì, ọpọlọ yín ò gbọ́ nǹkan kan. Ọpọlọ máálù tó ni mílíìkì ló yẹ kó gbọ́, ìlú òyìnbó ló sì wà. Mo bi Nọ́ọ̀sì pé kí lorúkọ àwọn omi inú ẹ̀jẹ̀ wọ̀nyẹn.

"Họ́mónù," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Màámi dìde dúró. "Ọmọ nù? Ọmọ ta ló nù?"

"Rárá, Màmá. Họ́-mó-nù. Orúkọ òyìnbó ni."

"Kí òyìnbó pààrọ̀ ẹ̀. Ọmọ ò ní í nù lọ́wọ́ wa mọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín, ó di Màámi lọ́wọ́ mú, wọ́n tún jókòó. Ó wá sọ èyí tó burú jù: ẹyin ló máa ń kọ́kọ́ jáde, kí nǹkan oṣù tó tẹ̀lé e. Ẹni tó bá ń dúró de nǹkan oṣù kó tó ṣọ́ra, olè ti wọlé, ó ti jẹun, ó ti ń wẹ ọwọ́. Ìdí nìyẹn tí obìnrin fi lè ti orí ọmọ kan bọ́ sínú oyún òmíràn láìrí àmì kankan.

Àbẹ̀kẹ́, o ti gbọ́. Ìkẹta nìyí.

(Ìkarùn-ún ni, Àǹtí mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ á máa lọ.)

Ọmọ mi, n kò ní kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mo máa ń sọ fún àwọn ẹlẹ́kọ pé bí wọ́n bá gbé tẹlifóònù, ohùn ọmọ mi ni wọ́n máa gbọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó ti gbé e rí. Ṣiṣẹ́ rẹ. Ṣùgbọ́n fún ọmọ lọ́mú kí o tó jáde. Jẹ́ kí wọ́n gbé e wá bá ọ lọ́sàn-án nígbà tí ẹ bá ń sinmi, kó o jókòó sí ibi tí ó bá ṣókùnkùn díẹ̀, kí o fún un. Bí o bá dé, kí o tó tú gèlè, fún un. Òru ni kó o má fi tọrẹ rárá: kí ọmọ sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, bí ó bá jí, kó bá ọmú, kó má bá ìgò. Èyí tó bá ṣẹ́ kù tí ìgò gbọdọ̀ ṣe, kí wọ́n se ìgò náà nínú omi híhó. Bí ó bá sì ti pé oṣù mẹ́fà tó ń jẹ oúnjẹ, má tún gbára lé ọmú nìkan mọ́. Lọ bá nọ́ọ̀sì tó wà lọ́dọ̀ rẹ, kó sọ ohun tí ẹ̀yin méjèèjì lè ṣe. Má tijú. Èmi tijú.

Ó kù ọ̀rọ̀ kan. Òun ló wúwo jù, mo ń sún un síwájú láti àárọ̀.

Nígbà tí oyún tí mo ní lé Oyè lórí yọ síta, gbogbo ilé ní ọmú ti bàjẹ́, pé wàrà aláboyún yóò pa ọmọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo fún omi ewúro, mo fi pa orí ọmú. Oyè fẹnu kàn án, ó tu ú dànù, ó wò mí. Ó tún bọ̀. Ó tún tu ú dànù. Ọjọ́ mẹ́ta, kò tún bọ̀ mọ́. Ògì ló kù fún un, ògì lásán, láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. A ní adìyẹ. Wọ́n ń yé. Ṣé o mọ̀ pé n kò fún un ní ẹyin kan rí? Wọ́n ní ọmọ tó bá mọ adùn ẹyin àti ẹran yóò di olè. Mo ń ta ẹyin náà ní Òṣòdì kí ọmọ mi má baà jalè. Irun rẹ̀ pọ́n. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ikùn rẹ̀ yọ, àwọn èèyàn sì ń sọ fún mi pé ó ń sanra. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Yóò jókòó síbi tí mo bá gbé e sí, títí n ó fi dé. Kò pé ọdún kan àbọ̀.

Àǹtí mi, bíró dúró lọ́wọ́ mi níbí. Mo bi Màámi pé, "Oyún wo nìyẹn?"

Wọ́n ní, "Ta ló tẹ̀lé Oyè?"

Mo kà á lórí ìka, bí ẹni pé a pọ̀. Ẹ̀yin, Oyè, èmi. Òjò tó kù lórí páànù ń kán.

"Kì í ṣe ìwọ," Màámi ní. "Má sunkún sórí ìwé, tàdáwà rẹ̀ á ṣàn. Kì í ṣe oyún ló pa á. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ lánàá, ìwọ náà wà níbẹ̀, adìyẹ rẹ̀ lò ń lé kiri. Ó ní ọmú aláboyún kì í bàjẹ́. Ó lè dín kù ni. Ewúro ló pa á, ewúro àti ẹyin tí mo tà. Èmi ni. Kọ ọ́ síbẹ̀."

Mo ti kọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́, nítorí náà, gbọ́ èyí bí o kò bá gbọ́ gbogbo ìyókù. Bí ibà rẹ kì í bá ṣe ibà, má já Ayọ̀ lẹ́nu ọmú. Má fi ewúro kan án. Má jẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ tàbí ará ilé kankan dẹ́rù bà ọ́ pé ọmú ti bàjẹ́. Máa fún un. Bí ó bá ti ń jẹun, fún un ní ẹyin, lọ ẹja sínú ẹ̀kọ rẹ̀, fún un ní ẹ̀wà tí a ti bó. Bí ó bá di olè, wọ́n á bá mi nílé. Olè tó wà láàyè ni mo fẹ́.

Má sì ṣe bí èmi, tó fi ìtìjú pa oyún mọ́ títí ó fi yọ. Mo ń sá fún ẹnu àwọn obìnrin tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá ti sọ ọ́ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ní kété tí mo fura, bóyá ẹnì kan ì bá ti gba ewúro lọ́wọ́ mi.

Mo ń bọ̀ wá bá ọ. Ọjọ́rú ni n ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Òṣòdì, Bàbá Ràṣídì á bá mi wá ibi jókòó. Èmi ni n ó máa gbé Ayọ̀ wá bá ọ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́sàn-án, títí tí yóò fi lè rìn, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Bàbá rẹ ti gbà. Àìná ni yóò máa ru èèrí.

(Àǹtí mi, ẹ gbàdúrà fún ọrùn mi.)

Àbẹ̀kẹ́, wá pàdé mi ní tésàn. Èrò á pọ̀, n kò fẹ́ kí o sọ nǹkan kan fún mi níwájú wọn. Bí ibà bá ni lóòótọ́, jẹ́ kí Ayọ̀ wà lẹ́yìn rẹ níbi tó wà, kí a kí ara wa, kí a máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí oyún bá ti wà níbẹ̀, tú ọ̀já, sọ ọmọ náà kalẹ̀, kó o gbé e lé mi lọ́wọ́. N kò ní bi ọ́ léèrè. N ó pọ̀n ọ́n, n ó gba ẹrù tó wà lórí rẹ, a ó sì jọ máa rìn díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni, ìyá tó bí ọ.